Fífi thermal paste sórí processor: àwọn ìbéèrè tó máa ń wáyé

Ẹ ti ra thermal paste, ẹ ti tú ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ọwọ́ wá ń gbọ̀n díẹ̀. Tàbí láptọ́ọ̀pù yín ló ń gbóná bí áyọ́ọ̀nù, tí fáànù rẹ̀ ń hó yee lórí iṣẹ́ tí kò tó nǹkan. Ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. Mo ti ṣe iṣẹ́ yìí kó dára, mo sì ti ṣe é kó bàjẹ́ rí. Inú méjèèjì ni ìdáhùn ti wá.

Kí ni thermal paste gan-an, kí ló wà fún?

Ìpara ni. Ó ki, ó lè funfun, ó lè ní àwọ̀ eérú, inú síríńjì kékeré ló sì sábà máa ń wà. Àárín processor àti heatsink ni wọ́n ń fi í sí. Processor ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Heatsink ni irin tó jókòó lé e lórí, tí fáànù ń fẹ́ sí, tó ń gba ooru kúrò lára rẹ̀.

Bí ẹ bá fọwọ́ pa ojú irin méjèèjì, ẹ ó ní wọ́n dán bí dígí. Irọ́ ni. Gegele àti kòtò ló kún ojú wọn, wọ́n kàn kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Tí ẹ bá gbé ọ̀kan lé èkejì, ṣóńṣó ibi tó ga nìkan ló ń fara kanra, afẹ́fẹ́ ló gba gbogbo ibi tó kù. Afẹ́fẹ́ sì rèé, ọ̀lẹ ni tó bá di ká gbé ooru kọjá. Ní òdiwọ̀n W/mK tí wọ́n fi ń wọn irú nǹkan báyìí, bàbà tó nǹkan bí 400, alumíníọ̀mù lé ní 200, afẹ́fẹ́ ò ju nǹkan bí 0.026 lọ. Thermal paste tó wọ́pọ̀ wà láàárín 4 sí 12, àwọn kan sì ń sọ pé tiwọn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ tún iye yẹn wò. Ìpara yìí fi ìlọ́po ọgọ́rùn-ún mélòó kan dára ju afẹ́fẹ́, àmọ́ kò sún mọ́ ẹsẹ̀ bàbà rárá. Nítorí náà, kó dí kòtò ni iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ibùsùn tí irin méjèèjì á sùn lé. Ibi tí irin ti lè kan irin, ẹ jẹ́ kó kàn án. Ibi tí kò ti lè kàn án ni ìpara ti wúlò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀ yìí, ibi yìí ni wọ́n ti ṣẹ̀.

Ṣé kọ̀ǹpútà ò lè ṣiṣẹ́ láìsí i ni?

Á tàn. Àmọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ooru á ti dé òpin tí wọ́n fi lélẹ̀ fún processor náà. Ọ̀pọ̀ processor Intel ayé ìsinsìnyí, 100°C ni òpin yẹn. Ti Ryzen 7000, processor ilé iṣẹ́ AMD, jẹ́ 95°C, Ryzen 7 7800X3D sì jẹ́ 89°C. Bó bá ti débẹ̀, processor á dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kó má baà jóná, kọ̀ǹpútà á wá máa wọ́lẹ̀ bí ìgbín. Bí ooru ò bá tún yéé gòkè, á pa ara rẹ̀. Ìyẹn ni pé kì í sábà bú gbàmù bí àwọn kan ṣe ń bẹ̀rù. Ó kàn máa di aláìwúlò ni.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé èyí tó wà nínú tèmi ti gbẹ?

Ẹ má fi ojú gbà á, ẹ wọ̀n ọ́n. Lórí Windows, HWiNFO tàbí Core Temp á sọ ìwọ̀n ooru fún yín. Lórí Linux, àṣẹ sensors tó wá pẹ̀lú lm-sensors ti tó. Ẹ ṣí i sílẹ̀, kí ẹ wá fún processor ní iṣẹ́ ńlá ṣe, kí ẹ sì máa wo bí ooru ṣe ń gòkè.

Bó ṣe ń gòkè ṣe pàtàkì ju ibi tó gòkè dé lọ. Bó bá fò láti 45°C sí 95°C lójú ẹsẹ̀ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, tó sì já wálẹ̀ kíá bí iṣẹ́ ṣe dúró, ooru ò rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ heatsink nìyẹn. Ẹ fura sí ìpara, tàbí sí síkúrù tí kò dè dáadáa. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló ń gun òkè, tó gba ìṣẹ́jú bíi mélòó kan kó tó dé orí, ooru ń dé ọ̀dọ̀ heatsink. Heatsink ni kò rí i dà nù. Eruku ti dí i, tàbí fáànù ti rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó pààrọ̀ ìpara lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan, eruku tó dì bí aṣọ òtútù sì wà lẹ́nu fáànù rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Ọdún mélòó ni kí n tó pààrọ̀ rẹ̀?

Kò ní òfin. Ìpara tó dára lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì lè lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti láptọ́ọ̀pù kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀. Bí ooru bá ṣì wà níbi tó wà lọ́dún tó kọjá, ẹ fi í sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Mi ò rí èrè nínú títú ohun tí kò ṣe nǹkan kan.

Èwo ni kí n rà?

Èyí tí ẹ bá rí tí orúkọ rẹ̀ ti mọ́ lójú ọjà. Arctic MX-4, Noctua NT-H1, Thermal Grizzly Kryonaut: kò sí èyí tó máa já yín kulẹ̀ nínú wọn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìpara tó dára àti èyí tó dára jù kì í sábà ju °C mélòó kan lọ. Heatsink tí kò jókòó dáadáa lè fi 20°C lé e. Ẹ̀yin náà ẹ ro ibi tó yẹ kí ẹ fi ìrònú yín sí.

Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà W/mK tí wọ́n kọ sára páálí tàn yín jẹ. Olúkúlùkù ń wọ̀n ọ́n bó ṣe wù ú. Ohun tí mo máa ń wò ni bó ṣe ki sí: èyí tó le jù máa ń yọni lẹ́nu tó bá di ká tẹ́ ẹ, èyí tó sì rọ̀ jù ló máa ń tètè sá kúrò ní àárín.

Inú àwọn tó funfun, tó wá lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú heatsink, zinc oxide nínú òróró silicone ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Wọ́n ń ṣiṣẹ́. Wọn ò kàn lágbára tó ti àwọn tí mo dárúkọ yẹn ni.

Mo gbọ́ pé èyí tó ní fàdákà máa ń gbé iná. Ṣé òótọ́ ni?

Arctic Silver 5 ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀. Fàdákà wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í gbé iná kọjá. Ohun tí àwọn tó ṣe é sọ ni pé ó lè di iná mú díẹ̀, nítorí náà kó má kan abẹ́rẹ́ tàbí ojú wáyà wẹ́wẹ́ orí motherboard, ìyẹn pátákó ńlá tí processor àti àwọn ẹ̀yà yòókù jókòó lé. Èyí tó ń gbé iná gan-an ni liquid metal.

Liquid metal ńkọ́?

Irin tó ń ṣàn bí omi ni. Gallium ni ọ̀gá inú rẹ̀, irin tí 29.8°C péré ń yọ́, ìyẹn ni pé ó lè yọ́ sí yín lọ́wọ́. Kò sí ìpara tó bá a dọ́gba nínú ká gbé ooru. Sony pàápàá fi í sínú PlayStation 5 láti ilé iṣẹ́.

Àmọ́ bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan àkọ́kọ́ tí ẹ máa ṣe iṣẹ́ yìí nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jìnnà sí i. Ẹ̀kán kan tó já sórí motherboard lè pa á, torí ó ń gbé iná. Bẹ́ẹ̀ ni gallium máa ń jẹ alumíníọ̀mù: á wọ inú rẹ̀, irin á wá máa rún bí bísíkíìtì. Heatsink tó jẹ́ alumíníọ̀mù ò gbọdọ̀ rí i sójú rárá. Bàbà tí wọ́n fi nickel bò ló lè bá a gbé.

Ṣé mo lè fi ọṣẹ ìfọyín tàbí Vaseline rọ́pò rẹ̀?

Rárá. Ọṣẹ ìfọyín á ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ torí pé ó rin, omi inú rẹ̀ á gbẹ, á sì di ẹ̀fun láàárín irin méjèèjì. Vaseline á yọ́ dànù. Ìpara gidi kì í wọ́n débi tó yẹ ká fi processor ta tẹ́tẹ́.

Kí ni kí n ní lọ́wọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀?

Screwdriver tó bá síkúrù yín mu, thermal paste, isopropyl alcohol, aṣọ tí kì í yọ fọ́nrán tàbí bébà tí wọ́n fi ń sẹ́ kọfí, òwú orí igi bí èyí tí a fi ń nu etí, àti ibi tó mọ́lẹ̀ kedere. Isopropyl alcohol tó jẹ́ 90% sókè ló dára jù, torí omi inú rẹ̀ kéré, ó sì ń tètè gbẹ. Bó bá jẹ́ 70% lẹ rí, á ṣe é, ẹ ṣáà ní sùúrù kó gbẹ dénú. Tíṣù lásán máa ń já sílẹ̀ wẹ́wẹ́. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ fún nínù ìkẹyìn.

Heatsink ò fẹ́ kúrò lórí processor. Ṣé kí n fipá fà á?

Ẹ má fà á o. Ẹ dá iná padà sí i, kí ẹ tan kọ̀ǹpútà, kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Ìpara tó gbóná máa ń rọ̀. Èyí tó tutù máa ń mú irin méjèèjì bí àtè ṣe ń mú ẹyẹ. Lẹ́yìn náà ẹ pa á, ẹ yọ wáyà iná, ẹ tẹ bọ́tìnì ìtanná lẹ́ẹ̀kan sí i kí iná tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lè tán, kí ẹ sì fọwọ́ kan irin àpótí náà kí iná ara yín lè lọ. Ẹ tú síkúrù díẹ̀díẹ̀. Tó bá wá di gbígbé, ẹ rọra yí i sọ́tùn-ún, ẹ yí i sósì, bí ẹni ń ṣí ìdérí ìgò, títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lára pé ó ti gbà.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ìyẹn làwọn àgbà wí. Ọjọ́ kan wà tí èmi ò fẹ̀sọ̀ mú un. Processor AM4 ti AMD ni, èyí tí abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ 1331 wà lábẹ́ rẹ̀, tí sọ́kẹ́ẹ̀tì (ìyẹn ojú ibi tí processor ń wọ̀ lórí motherboard, AM4 sì ni orúkọ irú rẹ̀) kàn fún wọn mú láti ẹ̀gbẹ́, láìsí irin kankan tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti òkè. Àárọ̀ ni, ẹ̀rọ náà tutù nini, mo di heatsink mú, mo fà á. Ó dún pàú! Mo gbé e sójú wò, processor lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ ìdí rẹ̀, gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ dojú kọ mí. Mẹ́ta ti tẹ̀ ní igun kan. Pẹ́ńsùlù onírin, èyí tí èèyàn ń tẹ ìdí rẹ̀ kí lẹ́ẹ̀dì tó yọ, ni mo wá: mo yọ lẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀, mo fi ihò ẹnu rẹ̀ wọ abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo ń gbé e dìde díẹ̀díẹ̀, mi ò fẹ́ mí sí i lórí. Ó gbà mí ní wákàtí kan kó tó wọ ihò rẹ̀ padà láìjẹ́ pé mo tì í. Ó ṣiṣẹ́. Látìgbà náà, mi ò tú heatsink AM4 kan tutù mọ́.

AM5 àti àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì Intel bíi LGA1700 ní irin tó de processor mọ́lẹ̀, nítorí náà kò lè bá heatsink jáde. Àmọ́ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ tiwọn wà, wọ́n sì tètè ń tẹ̀ ju ti AM4 lọ. Ẹ má ṣí irin yẹn bí kò bá nídìí.

Báwo ni mo ṣe máa nu èyí tó ti wà níbẹ̀ kúrò?

Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ gbígbẹ gbá èyí tó pọ̀ kúrò, kí ẹ tó mú alcohol wá. Bí ẹ bá fi alcohol bẹ̀rẹ̀, ẹ ó kàn máa fi í kùn káàkiri ni. Ẹ máa nù ún wá sí àárín, ẹ má nù ún lọ sí etí. Tí èyí tó pọ̀ bá ti lọ, ẹ rin aṣọ mìíràn díẹ̀ pẹ̀lú alcohol, ẹ nù ún títí aṣọ ò fi ní dọ̀tí mọ́. Ìdí heatsink náà ńkọ́? Ẹ má gbàgbé rẹ̀. Èyí tó ti gbẹ bí ẹrẹ̀ inú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ da alcohol sórí òwú, ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú kan, á rọ̀. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha á.

Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Láti ìgbà yẹn lọ, ẹ má tún fìka kan ojú rẹ̀. Òróró ara èèyàn náà ń dí ooru lọ́nà.

Báwo ló ṣe yẹ kó pọ̀ tó?

Ìbéèrè tí gbogbo ayé ń jà sí nìyí. Fún processor orí tábìlì tó wọ́pọ̀, ẹ kán ẹyọ kan sí àárín, kó tó hóró ẹ̀wà kékeré, bíi milimítà mẹ́rin sí márùn-ún ní ìbú. Heatsink á tẹ̀ ẹ́, á tàn kálẹ̀. Ìyẹn ti tó fún AM4 àti àwọn Intel tó ní igun mẹ́rin dọ́gbadọ́gba.

LGA1700 gùn ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Ẹ̀kán kan ní àárín lè má dé orí àti ìdí rẹ̀, nítorí náà ìlà kan lọ sí ibi tó gùn, tàbí àmì X tí kò nípọn, ló bá a mu. AM5 ní ìgékù létí ìdérí irin tó bo processor rẹ̀, àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ sì jókòó sínú ìgékù yẹn. Ìpara tó bá pọ̀ jù máa ń wọ ibẹ̀. Bí kì í bá ṣe liquid metal, kò ṣe é ní nǹkan kan, àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ nù ún, ẹ ó mọ̀ pé ẹ ṣiṣẹ́. Threadripper, processor ńlá ti AMD, tóbi bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ẹ fa X ńlá, kí ẹ sì fi ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan sí àlàfo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ìdí tí a fi fẹ́ kó dé etí ni pé ibi tó ń gbóná gan-an kì í ṣe àárín ní gbogbo ìgbà. Láti Ryzen 3000 ti ọdún 2019, AMD ti pín inú processor tó wọ́pọ̀ jù sí ẹ̀là-ẹ̀là, èyí tó ń ṣiṣẹ́ jù sì yà sí ẹ̀gbẹ́ kan lábẹ́ ìdérí. Ẹni tó fi ẹ̀kán tíńtín sí àárín lè má bo ibi tí iná ti ń jó gan-an.

Bó bá kéré jù ńkọ́? Bó bá pọ̀ jù ńkọ́? Èyí tó kéré ló burú. Tó bá pọ̀, ìdè heatsink á tẹ èyí tó ṣẹ́kù jáde létí, á kàn dọ̀tí ni. Tó bá kéré, afẹ́fẹ́ á jókòó sí ibi tó kù, kò sì sí ìdè tó lè tẹ afẹ́fẹ́ di irin. Ní ti ẹ̀kán, ìlà, X, àti gbogbo àwòrán tí wọ́n ń yà, bí ìpara bá ṣáà ti bo ojú rẹ̀, ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn.

Ṣé kí n fọwọ́ tẹ́ ẹ ni, àbí kí n jẹ́ kí heatsink tẹ́ ẹ?

Lórí processor tó ní ìdérí irin, ẹ jẹ́ kí heatsink tẹ́ ẹ. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ́ ẹ fúnra yín, ike pẹlẹbẹ tó bá a wá tàbí etí káàdì àtijọ́ kan ni kí ẹ lò, kó fẹ́lẹ́ débi tí ẹ ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí irin lábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ìka lásán.

Ti láptọ́ọ̀pù àti káàdì àwòrán yàtọ̀. Wọn ò ní ìdérí. Ìhòòhò ni ẹ̀yà silicon wọn, ibi tí iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀ gan-an, wà, dúdú, ó ń dán, ó sì kéré. Igun kan tí ìpara ò bá dé níbẹ̀, kò sí irin tó máa bá a pín ooru rẹ̀. Nítorí náà, lórí irú wọn, ẹ tẹ́ ẹ kó bo gbogbo ojú rẹ̀ tán pátápátá, tàbí kí ẹ fi púpọ̀ díẹ̀ sí i ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Síkúrù ńkọ́? Èwo ni mo máa kọ́kọ́ dè?

Ìdábùú. Ẹ gbé heatsink lé e tààrà láti òkè, ẹ má wọ́ ọ lọ wọ́ ọ bọ̀. Ẹ fi ọwọ́ mú un dúró, kí ẹ yí síkúrù kan lẹ́ẹ̀mejì péré, ẹ lọ sí èyí tó dojú kọ ọ́ ní igun kejì, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún méjì tó kù, kí ẹ tún padà sí àkọ́kọ́. Bí ẹ bá de ẹ̀gbẹ́ kan pátápátá kí ẹ tó lọ sí èkejì, heatsink á gbé ìdí sókè lápá kan, ìpara á ṣàn lọ síbẹ̀, kò sì ní padà. Inú láptọ́ọ̀pù, wọ́n sábà máa ń kọ 1, 2, 3, 4 sára irin náà. Ẹ tẹ̀lé e. Bí ẹ bá sì ń tú u, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà tó kẹ́yìn.

Síkúrù tó ní sípíríǹgì máa ń dúró fúnra rẹ̀ tó bá ti tó. Tó bá ti dúró, ẹ fi í sílẹ̀. Kí ẹ sì so wáyà fáànù padà. Ẹ ò ní gbàgbọ́ iye èèyàn tó máa ń gbàgbé rẹ̀.

Ìpara ti wà lábẹ́ heatsink tí mo rà. Ṣé kí n tún fi sí i?

Rárá, ìyẹn ti tó. Ẹ gbé e lé e lórí bẹ́ẹ̀. Ẹ má po oríṣi méjì pọ̀. Àyàfi bí ẹ bá ti fọwọ́ kàn án tàbí eruku ti bà á: ẹ nu gbogbo rẹ̀ dànù, kí ẹ fi tuntun.

Mo ti gbé e lé e, mo wá ṣí i wò bóyá ó tẹ́ dáadáa. Ṣé kí n kàn dá a padà?

Ẹ nù ún, kí ẹ tún un ṣe. Bí ẹ ṣe ṣí i yẹn, afẹ́fẹ́ ti wọ inú rẹ̀, àwọn ihò kéékèèké á sì há sínú rẹ̀ bí ẹ bá dá a padà. Ohun tí ẹ rí yẹn wúlò ṣá: bó bá bo gbogbo ojú rẹ̀, iye tí ẹ fi sí i yẹn gẹ́lẹ́ ni kí ẹ tún fi sí i.

Mo ti parí, ooru wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ló dé?

Ṣé ẹ yọ láílọ́ọ̀nù ìdí heatsink? Ẹ má bínú pé mo bi yín. Ẹnì kan gbé kọ̀ǹpútà tuntun tó tò fúnra rẹ̀ wá bá mi, ó ní processor rẹ̀ ti bàjẹ́, pé kò tíì lo ìṣẹ́jú mẹ́ta tó fi kan òpin. Mo tú u. Láílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara wà níbẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ìdí heatsink, wọ́n kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà pé kí ó yọ ọ́ kó tó lò ó, ìpara sì tẹ́ rẹ́rẹ́ lórí rẹ̀, ó dára bí àwòrán. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ò ní àbàwọ́n. Ibi tó ṣe é sí ni kò tọ̀nà.

Bí kì í bá ṣe láílọ́ọ̀nù, ẹ wò ó bóyá síkúrù kan ò dè dé ìdí, tàbí fáànù ò yí. Lórí láptọ́ọ̀pù, pad, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ rírọ̀ tó ń gbé ooru kọjá bíi ìpara, tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ẹ fi sórí ẹ̀yà mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ processor, lè gbé heatsink sókè tí kò fi ní kan processor mọ́. Èyí wọ́pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Pad máa ń wá ní milimítà 0.5, 1, 1.5, 2, ẹ wọn èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó rà, ẹ sì má fi paste rọ́pò pad. Àlàfo ibẹ̀ fẹ̀ ju ohun tí ìpara lè dí lọ.

Wọ́n ní ìpara máa ń gba ọjọ́ kó tó jókòó. Ṣé kí n dúró?

Àwọn kan bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣe Arctic Silver 5 sọ pé tiwọn lè gbà tó wákàtí 200 kó tó dé ipò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìpara òde òní ò nílò ìyẹn. Àmọ́ °C kan tàbí méjì là ń sọ. Bí ooru bá fi 30 ju bó ṣe yẹ lọ, dídúró ò ní tún un ṣe.

Kí ló dé tí ti láptọ́ọ̀pù fi ń tètè bàjẹ́?

Irin máa ń fẹ̀ díẹ̀ tó bá gbóná, á sì súnkì tó bá tutù. Láptọ́ọ̀pù ń ṣe èyí ní àìmọye ìgbà lójúmọ́, gbogbo ìgbà tó bá sì ṣe é, ó ń fún ìpara sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, bí ẹni ń tẹ búrẹ́dì alájẹpọ̀ tí bọ́tà rẹ̀ ń jáde. Silicon tó wà ní ìhòòhò, tó kéré, tó ń gbóná gan-an, ni eléyìí ń ṣẹlẹ̀ sí jù. Ìpara tó ki dára fún irú wọn. Èyí tó tiẹ̀ wù mí jù báyìí ni PTM7950 ti Honeywell: kì í ṣe ìpara, ó dà bí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ẹ ó gé bá ojú processor mu. Ó le tó bá tutù, ó ń rọ̀ ní nǹkan bíi 45°C, á wọ gbogbo kòtò, kì í sì tètè sá. Ẹ fi í sínú fìríìjì fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó bó láílọ́ọ̀nù ojú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa fà tẹ̀lé e.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú láptọ́ọ̀pù, ẹ yọ wáyà bátìrì kúrò lára motherboard. Pípa á nìkan ò tó.

Ó ta sórí motherboard. Ṣé mo ti bà á jẹ́?

Bí kì í bá ṣe liquid metal, rárá. Òwú orí igi, alcohol díẹ̀, ẹ fi sùúrù nù ún, kó gbẹ kí ẹ tó tan iná. Inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kó má wọ̀. Bó bá wọ ibẹ̀, ẹ má fi òwú kàn án, torí fọ́nrán rẹ̀ á gbé abẹ́rẹ́ dání. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ṣé ó léwu fún ara?

Kì í ṣe ohun jíjẹ. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ má fi nu ojú, ẹ má fi sílẹ̀ níbi tí ọmọdé lè dé. Tó bá kan aṣọ, àbàwọ́n rẹ̀ kì í sábà lọ.

Ó ṣẹ́kù nínú síríńjì. Báwo ni mo ṣe máa tọ́jú rẹ̀?

Ẹ nu ẹnu rẹ̀, ẹ fa ìdí rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kí èyí tó wà lẹ́nu lè wọlé, ẹ dé e pinpin, kí ẹ fi í síbi tí kò gbóná. Síríńjì gíráàmù mẹ́rin tó kọ̀ǹpútà tó lé ní mẹ́wàá. Nígbà mìíràn tí ẹ bá mú un, òróró lè kọ́kọ́ jáde kí ìpara tó tẹ̀lé e. Ẹ tẹ ìyẹn sórí bébà dànù títí yóò fi jáde bó ṣe yẹ. Bó bá ti le, tó ń jáde bí iyanrìn, ẹ ra òmíràn.